Ìtúpalẹ̀ ìgbékalẹ̀ ilé àti afárá

Ìtúpalẹ̀ ìgbékalẹ̀ ni ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà ìkọ́lé tí ó ń ṣe ìṣirò bí ilé, afárá, òpó táńkì omi tàbí ohun mìíràn tí ènìyàn kọ́ ṣe ń gba ẹrù, bí ẹrù náà ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, àti bí ó ṣe ń dé ilẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹ́, ya tàbí tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú àyọkà yìí, ìgbékalẹ̀ túmọ̀ sí àkójọ àwọn ẹ̀yà tí ń gbé ẹrù ró: ìpìlẹ̀, òpó, ìdábùú, dẹ́kìn àti egungun òrùlé. Ìdábùú ni igi, irin tàbí kọnkéré gbọọrọ tí a gbé lé orí òpó tàbí ògiri. Ìtẹ́rígbà tí ó wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé jẹ́ irú rẹ̀ kan. Dẹ́kìn ni pèpéle kọnkéré tí ó ya àjà kan nínú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọ̀dà, táìlì àti fèrèsé kò sí lára ìgbékalẹ̀, nítorí wọn kì í gbé nǹkan kan ró. Ẹrù ni àwọn fúnra wọn jẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìtúpalẹ̀ ń dáhùn. Àkọ́kọ́, ẹrù wo ni yóò wà lórí ìgbékalẹ̀ yìí? Ìkejì, ọ̀nà wo ni ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò gbà dé ilẹ̀? Ìkẹta, ǹjẹ́ gbogbo ẹ̀yà tí ó wà lójú ọ̀nà náà lágbára tó láti gbà á kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ síwájú? Ẹrù kò ní ṣaláì rí ọ̀nà dé ilẹ̀. Bí ẹnjiníà kò bá pèsè ọ̀nà náà sílẹ̀ fún un, yóò lànà fún ara rẹ̀, ìyẹn sì ni a ń pè ní wíwó.

Ìtàn ní ṣókí

Kí ìṣirò tó wọ iṣẹ́ ìkọ́lé, ìrírí ni àwọn ọ̀mọlé ń lò. Ohun tí ó dúró ni wọ́n tún kọ́, ohun tí ó wó ni wọ́n yẹra fún. Ní 1638, Galileo Galilei tẹ ìwé kan jáde nípa ìmọ̀ tuntun méjì, nínú èyí tí ó ti yẹ igi kan wò tí a ki ìdí rẹ̀ bọ inú ògiri tí a sì so ẹrù mọ́ orí rẹ̀. Ó rí i pé gíga igi náà ṣe pàtàkì fún agbára rẹ̀ ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí ipá ṣe pín nínú ara igi náà dáadáa. Charles-Augustin de Coulomb, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún ibi yìí ṣe ní 1773.

Ní 1678, Robert Hooke kéde pé bí a bá ṣe fa nǹkan tó ni yóò ṣe nà tó. Ní 1687, Isaac Newton kọ àwọn òfin ìṣípòpadà tí gbogbo ìṣirò yìí dúró lé. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, Leonhard Euler ṣàlàyé ìdí tí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Claude-Louis Navier kó àwọn ìmọ̀ wọ̀nyí jọ sínú ìwé ẹ̀kọ́ kan ní 1826. Ní 1930, Hardy Cross ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí ẹnjiníà lè fi ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ṣe ìṣirò ilé alájà púpọ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò nípa pípín ìgbékalẹ̀ sí ẹ̀yà kéékèèké. Ray Clough ni ó fún ọ̀nà yìí ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lágbàáyé ní 1960.

Oríṣi ẹrù

Ẹrù tí kì í kúrò ni ìwúwo ìgbékalẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ti ohun gbogbo tí a dè mọ́ ọn: ògiri, táìlì, òrùlé. Ẹrù tí ń ṣípò padà ni ènìyàn, àga, ọjà, ọkọ̀ àti omi inú táńkì. A ń fi kilonewton, tí a ń kọ ní ṣókí báyìí: kN, wọn ẹrù. Kilonewton kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kg.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú kí èyí yé ni. Mítà onígun mẹ́ta kan ti kọnkéré wúwo tó 24 kN. Bí dẹ́kìn bá nípọn tó 150 mm, gbogbo mítà onígun mẹ́rin rẹ̀ yóò wúwo tó 3.6 kN. Fún yàrá ibùgbé, ó wọ́pọ̀ kí a ṣírò 1.5 kN sí i lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn àti àga. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5.1 kN. Bí yàrá náà bá gùn ní mítà 6 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 4, ẹrù orí dẹ́kìn rẹ̀ jẹ́ 122.4 kN, èyí tí ó tó ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì 250. A kò tíì ka ògiri àti táìlì mọ́ ọn. Bí a bá tún gbé táńkì omi onílítà 2,000 lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 kN mìíràn, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 40, tí gbogbo rẹ̀ sì dúró lójú kan.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù ni ó ń tẹ nǹkan sísàlẹ̀. Bí ìjì bá ń fẹ́ kọjá lórí òrùlé, ó máa ń fà á sókè. Ìdí nìyí tí páànù fi ń ṣí nígbà ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ de egungun òrùlé mọ́ ògiri, kí a má kàn gbé e lé e lórí. Ooru pẹ̀lú ń dá ipá sílẹ̀. Afárá kọnkéré tí ó gùn ní mítà 100 yóò fi nǹkan bí mìlímítà 20 gùn sí i bí ooru ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 ti Celsius lọ sókè. Bí a kò bá fi àlàfo sílẹ̀ fún un, yóò máa ti ara rẹ̀ títí nǹkan yóò fi fọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ojú àsopọ̀ fi wà lórí Afárá Third Mainland ní ìlú Èkó, tí ó gùn tó kìlómítà 11.8, àwọn ojú àsopọ̀ yìí wà lára ohun tí a tìtorí rẹ̀ ti apá kan afárá náà fún àtúnṣe ní 2020.

Òfin ìdúródéédéé

Ohun tí ó dúró láìmira gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin mẹ́ta. Gbogbo ipá tí ń tì í sókè gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ipá tí ń tì í sísàlẹ̀. Gbogbo ipá tí ń tì í sọ́tùn-ún gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ń tì í sósì. Bákan náà, gbogbo ipá tí ó fẹ́ yí i sí apá kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó fẹ́ yí i sí apá kejì. Ipá ìyípo ni a ń rí nígbà tí a bá sọ ipá di púpọ̀ pẹ̀lú bí ó ṣe jìnnà sí ojú tí nǹkan ti fẹ́ yí. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀pá gígùn ṣí òkúta nídìí mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ṣe jìnnà tó sí òkúta náà ni iṣẹ́ ṣe ń rọrùn tó.

Ká ní Àjàní àti Bọ́lá gbé ọ̀pá kan tí ó gùn ní mítà 6 léjìká, Àjàní ní iwájú, Bọ́lá ní ẹ̀yìn, tí a sì so ẹrù 60 kg mọ́ ọn níbi tí ó jìnnà ní mítà 2 sí èjìká Àjàní. Láti mọ ohun tí ó kan Bọ́lá, a ó wo ìyípo láti èjìká Àjàní: 60 lọ́nà 2 jẹ́ 120, a ó pín in fún 6, ó jẹ́ 20 kg. Ohun tí ó ṣẹ́kù, 40 kg, ni ó kan Àjàní. Ẹni tí ẹrù sún mọ́ ni ó ń gbé púpọ̀ jù. Ìṣirò kékeré yìí náà ni a ń ṣe fún ìdábùú tí ó dúró lórí òpó méjì. Èjìká àwọn méjèèjì ni ìgbéró, ipá tí èjìká kọ̀ọ̀kan fi ń ti ọ̀pá náà padà sókè ni a sì ń pè ní èsì ìgbéró.

Ipá inú

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ èsì ìgbéró, a ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀yà náà gan-an. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni pé kí a fi ọkàn gé ẹ̀yà náà sí méjì, kí a sì béèrè ipá tí ó gbọ́dọ̀ wà lójú ibi tí a gé kí apá kan lè dúró láìsí èkejì. Ipá inú jẹ́ oríṣi márùn-ún. Ìfà ń fẹ́ mú kí ẹ̀yà gùn sí i. Ìfúnpọ̀ ń fẹ́ mú kí ó kúrú. Ìgé ń fẹ́ mú kí apá kan yọ̀ kọjá lára èkejì, bí abẹ méjì inú sáàsì. Ìtẹ̀ ń fẹ́ mú kí ó tẹ̀ bí ọrun. Ìlọ́ ń fẹ́ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tí ó tutù.

Jẹ́ kí a mú ìdábùú kan tí ó gùn ní mítà 6, tí ẹrù 10 kN wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Àpapọ̀ ẹrù jẹ́ 60 kN, òpó kọ̀ọ̀kan yóò sì gba 30 kN. Bí a bá gé e láàrín, apá òsì gùn ní mítà 3. Èsì ìgbéró ń yí i sókè pẹ̀lú 30 lọ́nà 3, èyí tí ó jẹ́ 90. Ẹrù 30 kN tí ó wà lórí apá náà ń yí i padà láti àárín rẹ̀, tí ó jìnnà ní mítà 1.5 sí ojú ibi tí a gé, èyí tí ó jẹ́ 45. Ìyàtọ̀ wọn, 45 kilonewton-mítà, ni ipá ìtẹ̀ tí ìdábùú náà gbọ́dọ̀ lè gbà láàrín. Ní ti ìgé, ẹ̀bá òpó ni ó ti pọ̀ jù, níbi tí ó ti jẹ́ 30 kN. Ní àárín, kò sí rárá.

Bí a bá sọ gígùn ìdábùú yìí di mítà 12 láì dín ẹrù mítà kọ̀ọ̀kan kù, ipá ìtẹ̀ àárín yóò di 180, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìdábùú náà yóò ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ tó yóò sì di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yọ òpó àárín kúrò kí pálọ̀ lè fẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó ṣe sí ìdábùú náà, àfi bí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ohun èlò àti ìnira

Ipá kan náà lè má ṣe ohun tí ó nípọn ní nǹkan kan, kí ó sì fọ́ ohun tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí èyí, a ń pín ipá fún ìwọ̀n ojú tí ó ń gbà á. Ohun tí a bá rí ni ìnira. Òpó kọnkéré tí igun rẹ̀ jẹ́ 225 mm lọ́nà 225 mm, tí ó gbé 500 kN, ní ìnira tí ó sún mọ́ newton 10 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. A ó wá fi èyí wé ohun tí kọnkéré náà lè gbà.

Irin lè gba ìfà àti ìfúnpọ̀ dọ́gba. Kọnkéré lágbára púpọ̀ lábẹ́ ìfúnpọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lábẹ́ ìfà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ìdábùú bá tẹ̀ láàrín òpó méjì, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà. Ìdí nìyí tí a fi ń to irin sí ìsàlẹ̀ ìdábùú kọnkéré, níbi tí kọnkéré kò ti lè dá dúró. Fún bálíkónì tí ó yọ jáde lára ilé láìsí òpó níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: òkè ni ó ń nà, ìsàlẹ̀ ni ó ń fún pọ̀, òkè sì ni irin gbọ́dọ̀ wà. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ irin náà rì sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré, ojú kò ní rí i mọ́ lẹ́yìn tí kọnkéré bá gan, ṣùgbọ́n bálíkónì náà ti pàdánù ohun tí ó yẹ kí ó gbé e ró.

Ọ̀nà tí ohun èlò gbà ń bàjẹ́ tún ṣe pàtàkì. Irin rírọ̀ máa ń nà púpọ̀ kí ó tó já, nítorí náà ilé tí a to irin sí dáadáa lè tẹ̀, kí ó sì sán kí ó tó wó, àwọn ènìyàn a sì rí àyè sá jáde. Ohun tí ń fọ́ lójijì kì í fúnni ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìrísí ẹ̀yà

Káfíńtà mọ̀ pé pákó tí a dá dúró lórí ìhà rẹ̀ le ju èyí tí a tẹ́ lọ. Ìṣirò fi bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ hàn. Bí ẹ̀yà ṣe lè kọ ìtẹ̀ tó tẹ̀lé fífẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé gíga rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Pákó tí ó jẹ́ 50 mm lọ́nà 150 mm, tí a bá dá a dúró, yóò kọ ìtẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ju bí a bá tẹ́ ẹ lọ. Igi kan náà ni, owó kan náà ni a sì fi rà á.

Ìrísí onígun-mẹ́ta náà ní àǹfààní tirẹ̀. Bí a bá fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kan igi mẹ́rin pọ̀ ní igun, a lè ti ìrísí rẹ̀ wọ́. Bí igi mẹ́ta bá ni, kò ṣeé tì wọ́ láìjẹ́ pé igi kan ṣẹ́ tàbí nà. Ìdí nìyí tí egungun òrùlé àti afárá irin fi kún fún onígun-mẹ́ta. Igi kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń gba ìfà tàbí ìfúnpọ̀ nìkan, èyí tí ó mú kí ìṣirò wọn rọrùn.

Òpó tí ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́

Bí a bá mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí a sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí, yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kíákíá. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ tí a sì tẹ èyí tí ó kúrú, yóò dúró gbọn-in. Ohun èlò kò yí padà, gígùn nìkan ni ó yàtọ̀. Euler fi hàn pé bí gígùn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tí ó lè gbé kí ó tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí léwu, nítorí òpó lè yẹ̀ nígbà tí ìnira inú rẹ̀ kò tíì tó ohun tí ohun èlò rẹ̀ lè gbà. Irin gígùn inú òpó kọnkéré náà lè ṣe bí ẹyọ ìgbálẹ̀ náà. Àwọn òrùka irin tí a fi ń dè é yípo ni kì í jẹ́ kí ó tẹ̀ síta. Ẹni tí ó bá dín òrùka kù kí owó lè dín kù ti sọ irin náà di gígùn.

Ìgbékalẹ̀ tí ìgbéró rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó tó lọ

Àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, ẹrù tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gbé ṣeé fi òfin ìdúródéédéé nìkan ṣírò. Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú díẹ̀, tàbí bí ilẹ̀ bá rì lábẹ́ rẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ yòókù ni yóò gba ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé kọnkéré jẹ́ irú èyí. Láti ṣe ìṣirò wọn, a ní láti fi òfin méjì mìíràn kún ti ìdúródéédéé. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹ̀yà tí a so pọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní sísopọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀. Ìkejì ni òfin Hooke, tí ó so ipá pọ̀ mọ́ bí nǹkan ṣe ń nà tàbí tẹ̀ tó.

Irú ìgbékalẹ̀ yìí ní àǹfààní: bí ẹ̀yà kan bá kùnà, ẹrù lè rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ó sì ní ewu tirẹ̀, nítorí bí ìpìlẹ̀ apá kan bá rì, ipá tuntun yóò dìde nínú ilé náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé ẹrù kan wọ inú rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ohun èlò bá ń tẹ̀lé òfin Hooke, tí ìtẹ̀ rẹ̀ sì kéré, a lè ṣírò ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí a sì ro àbájáde wọn pọ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣe irú ìṣirò yìí ní kíá, ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í ni ó ń dáhùn. Bí ẹnjiníà bá gbàgbé láti sọ fún un pé táńkì wà lórí òrùlé, yóò ṣírò ilé tí kò ní táńkì. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó rọrùn jù ni kí a ro gbogbo èsì ìgbéró pọ̀. Bí kò bá dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ẹrù, àṣìṣe wà níbì kan.

Àlàfo ààbò

Kò sí ẹni tí ó lè mọ ẹrù ọjọ́ iwájú tàbí agbára kọnkéré láìṣìṣe. Nítorí náà, òfin ìkọ́lé ń pa á láṣẹ kí a sọ ẹrù di púpọ̀ kí a tó ṣe ìṣirò, kí a sì dín agbára ohun èlò kù. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí BS 8110, tí àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ pé kí a fi 1.4 sọ ẹrù tí kì í kúrò di púpọ̀, kí a sì fi 1.6 sọ ẹrù tí ń ṣípò padà di púpọ̀. Dẹ́kìn tí a ṣírò lókè yìí, tí ó ń gbé 5.1 kN, ni a ó kọ́ bí ẹni pé 7.44 kN ni ó ń gbé. Àlàfo yìí wà fún ohun tí a kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí fún ẹni tí ó fẹ́ fi àjà mìíràn kún ilé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti inú ìjàǹbá

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1907, afárá Quebec ní ilẹ̀ Kánádà wó nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ 75 sì kú. Wọ́n ti sọ àárín òpó méjì rẹ̀ di nǹkan bí mítà 549 láti mítà 488, ṣùgbọ́n wọn kò tún ìwúwo afárá náà ṣírò bí ó ti yẹ. Àwọn irin ìsàlẹ̀ tí ń gba ìfúnpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn tí ó wà níbi iṣẹ́ sì rí i. Wọ́n tún afárá náà kọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1917.

Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1981, ọ̀nà àfẹsẹ̀rìn méjì tí a fi irin so kọ́ òrùlé já lulẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 114 kú. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, irin gígùn kan ni ó gba inú ọ̀nà méjèèjì kọjá, nọ́ọ̀tì tirẹ̀ sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n sọ irin náà di méjì: ọ̀kan láti òrùlé dé ọ̀nà òkè, èkejì láti ọ̀nà òkè dé ti ìsàlẹ̀. Ó dà bí ẹni so korobá méjì mọ́ okùn kan, tí olúkúlùkù ní kókó tirẹ̀, tí ó wá tú èkejì tí ó sì so ó mọ́ ìdí àkọ́kọ́. Okùn òkè kò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kókó korobá àkọ́kọ́ ti ń gbé méjì. Ìlọ́po méjì ni ẹrù tí ó dé orí nọ́ọ̀tì ọ̀nà òkè, kò sì sí ẹni tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Afárá Tacoma Narrows, ní Amẹ́ríkà bákan náà, já ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1940, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i. Afẹ́fẹ́ tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 64 ní wákàtí kan lọ ni ó mú kí ó máa lọ́ títí ó fi já. Ó kọ́ àwọn ẹnjiníà pé kò tó láti mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. A gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe ń yí padà pẹ̀lú àkókò pẹ̀lú.

Ìwúlò ní Nàìjíríà

Ilé wíwó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, pàápàá ní Èkó. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Àjọ COREN ni ó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, òfin sì béèrè pé kí ẹni tí ó kúnjú òṣùwọ̀n fọwọ́ sí ìṣirò ilé. Síbẹ̀, àwọn ìwà kan ń sọ ìṣirò tó péye di asán: fífi àjà kún ilé tí a kò ṣírò fún un, sísọ ilé gbígbé di ilé ìkẹ́rù, yíyọ òpó tàbí ògiri tí ń gbé ẹrù kúrò, àti dídín irin tàbí sìmẹ́ǹtì kù.

Ìṣirò inú àyọkà yìí fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Ẹni tí ó bá fi àjà kan ṣoṣo kún ilé tí ó ní yàrá mẹ́rin irú èyí tí a ṣírò lókè ti gbé ìwúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 1,000 lé àwọn òpó àti ìpìlẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, láìka ògiri mọ́ ọn. Àwọn Yorùbá sọ pé igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìgbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé ni òkèèrè náà: níbẹ̀, a lè fi píńsù pa òpó tí kò tó rẹ́ kí a sì ya èyí tí ó nípọn jù ú lọ. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan tí àwọn ènìyàn sì ti kó wọlé, àyípadà yòówù tí ó bá kan ẹrù tàbí ẹ̀yà tí ń gbé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sórí ìwé.